Ẹrù Abà: Ohun Tó Bá Bàjẹ́ Lóko, Kó Ṣeé Tún Ṣe Lóko

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ l'Ákùúrẹ́, abà wa lẹ́yìn Ìdànrè ni mò ń forí lé, ó sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kí n tó padà. Kòkó bàbá mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iṣu díẹ̀ àti ata tí ìyàwó mi gbìn. NEPA ò dé ibẹ̀ rí. Orí àpáta kan lẹ́yìn ilé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, ìyẹn náà bí ojú ọjọ́ bá dára.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹrù ìgbàlódé ni mo kó sínú báàgì: iná sólà, ọ̀bẹ alápò tó ní oríṣiríṣi nǹkan nínú, ìgò omi olówó ńlá, fóònù tó ní máàpù. Òjò ọdún kejì ni iná sólà yẹn kú. Bọ́tìnnì rẹ̀ ló dípẹtà. Mo wá ojú skúrù tí mo lè tú, n kò rí ọ̀kan ṣoṣo. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa yíká. Mo gbé e lọ bá ọmọ tó ń tún fóònù ṣe nílùú. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó ní, "Bọ̀dá, wọn ò ṣe é fún títú o. Ẹ ra òmíràn." Àtùpà bàbá mi tí mo ti sọ sí abẹ́ àjà ni mo lọ gbé wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wáyà ni wọ́n fi so ìgbámú rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ kì í ṣe èyí tó bá a wáyé, kò sì tíì sẹ́ni tó lè sọ fún mi ìgbà tí wọ́n rà á. Mo bu kẹrosíìnì sí i, mo ṣá ìṣáná, ó tàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo ṣa ẹrù abà: bí nǹkan yìí bá bàjẹ́ lálẹ́ Sátidé, ta ni yóò tún un ṣe, kí ni yóò sì fi ṣe é? Bó bá jẹ́ èmi ni, tó jẹ́ fáìlì, wáyà, okùn tàbí òkúta ni mo nílò, tàbí tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ oríta ló máa tún un ṣe, yóò bá mi lọ. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní China nìkan ló lè tú u, ó lè tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n a ò ní gbójú lé e. Ẹ tú báàgì yín sílẹ̀, kí ẹ bi ẹrù kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ.

Àdá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú

Bí ẹ bá máa mú nǹkan kan ṣoṣo lọ sí oko, àdá ni. Òun ló ń ṣán igbó, òun ló ń gé igi, òun ló ń wa iṣu nígbà tí ọkọ́ kò sí nítòsí, òun náà ni mo fi ń bẹ ọsàn.

Ẹ má tètè ra èyí tó ń dán. Ẹ fi ìka méjì gbé àdá náà rọ̀ níbi èèkù, kí ẹ fi ìṣó lù ú níkùn: irin tó dára á dún gbọọrọ bí agogo, èyí tí kò dára á dún bíi páànù. Lẹ́yìn náà, ẹ ki orí rẹ̀ bọ àárín pákó méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó yẹ kó padà sí bó ṣe wà. Bó bá wọ́ dúró síbẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Àdá tó ní àwòrán ọ̀nì lára, èyí tí ilé iṣẹ́ Ralph Martindale tó bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham nílùú Ọba ń ṣe, ni bàbá mi fẹ́ràn. Èmi fẹ́ràn èyí tí alágbẹ̀dẹ fi súpíríìnì ọkọ̀ akẹ́rù rọ, torí irin súpíríìnì le, síbẹ̀ kì í dá sí méjì, ẹni tó rọ ọ́ sì wà nítòsí tí mo lè bá wí.

Pípọ́n rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ṣìṣe. Wọ́n á gbé àdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníná pọ́n ọn ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wo ẹnu àdá náà dáadáa bí wọ́n bá ti ṣe tán: bí ẹ bá rí i tó yọ àwọ̀ aró, ìyẹn ni pé iná ti jẹ ẹ́. Líle tí alágbẹ̀dẹ fún irin yẹn nígbà tó rẹ ẹ́ sínú omi ti lọ níbẹ̀ yẹn. Á mú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ ó máa pọ́n ọn lójoojúmọ́ títí ibi tó jóná yẹn yóò fi jẹ tán. Fáìlì ọwọ́ kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ láéláé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ra fáìlì pẹlẹbẹ, mo ki ìrù rẹ̀ bọ inú ṣùkù àgbàdo gbígbẹ kó má bàa gún mi lọ́wọ́. Mo jókòó sórí igi tó ṣubú, mo gbé àdá lé igi mìíràn níwájú mi, mo fi orúnkún tẹ èèkù mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú síta, kò kọjú sí mi. Mo gbé fáìlì sókè díẹ̀ lára irin, nǹkan bí 20 digírì. Bó bá dùbúlẹ̀ pátápátá, ara àdá lásán lẹ̀ ń fá. Bó bá dìde jù, ẹnu á nípọn. Mo tì í láti ìdí èèkù lọ sí orí àdá, mo gbé e kúrò lára irin, mo dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, mo tún tì í. Iwájú ni eyín fáìlì kọ sí. Ẹni tó bá ń fà á lọ fà á bọ̀ ń pa fáìlì ni.

Lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síta, ẹ má fà á lọ bí ẹnu àdá ṣe gùn. Ẹ ó gbọ́ irin wínníwínní kan tó yọ síbẹ̀, bíi pé ó fẹ́ kọ́ awọ. Ìyẹn ni àmì pé apá àkọ́kọ́ ti tó. Ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe apá kejì bákan náà. Mo máa ń fi òkúta odò tó jọ̀lọ̀ àti omi parí rẹ̀, ìgbà mẹ́ta-mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan. Ewé ìtàkùn ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ má fi ìka dán an, ẹ má sì jẹ́ kó mú bí abẹ, torí ilẹ̀ wa kún fún òkúta, ẹnu tó bá tín-ín-rín jù á já.

Èèkù tó ń mì ló ń ṣe èèyàn léṣe ju àdá tí kò mú lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ gbé orí ìṣó náà lé irin, kí ẹ fi òòlù lù ú ní apá kejì títí yóò fi fún. Bó bá jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ tó ní ìrù gígùn, ẹ gé igi gúáfà tó ti gbẹ, ẹ fi iná sun ìrù àdá náà títí yóò fi pọ́n, ẹ tì í bọ àárín igi, kó fúnra rẹ̀ jó ọ̀nà wọlé, kí ẹ sì da omi sí i lójú ẹsẹ̀. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi we ara àdá nígbà tí ìrù wà nínú iná, kí ooru má bàa dé ẹnu rẹ̀. Lálẹ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi àdín pa á. Epo pupa máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, eruku á wá gùn ún.

Àtùpà

Mi ò ní parọ́ fún yín: àtùpà kò mọ́lẹ̀ tó iná sólà, èéfín rẹ̀ kò dára fún ojú àti ẹ̀dọ̀fóró, kẹrosíìnì sì ti wọ́n bí ojú. Síbẹ̀, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ẹ kò lè fojú rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Irwin ronú kan irú àtùpà onígíláàsì tí a mọ̀ yìí. Ẹ wo páìpù méjì tó gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Àwọn ló ń gbé atẹ́gùn wá sídìí òwú, ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ ìta kò fi lè pa á. Ìdí náà nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú páìpù yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí agbọ́n fẹ́ràn láti kọ́lé síbẹ̀. Àtùpà mi kan kọ̀, kò tàn dáadáa fún oṣù kan gbáko, mo ti pààrọ̀ òwú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé amọ̀ agbọ́n ló dí i lọ́fun.

Èyí tí ilé iṣẹ́ Feuerhand ní Jámánì ń ṣe, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 276, kẹrosíìnì mílílítà 340 ló ń gbà, ó sì ń tàn fún nǹkan bí 20 wákàtí. Ẹ fi ṣe ìṣirò: lítà kan á tó yín lo fún ọ̀pọ̀ òru, bí ẹ bá ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Kẹrosíìnì gan-an ni ewu wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá da pẹtiróòlù mọ́ ti ba ilé jẹ́, ó ti pa èèyàn ní ilẹ̀ wa. Ẹ kán an sí àtẹ́lẹwọ́ níta gbangba, níbi tí kò sí iná: kẹrosíìnì gidi á dà bí òróró, á pẹ́ lára, bó bá tutù lọ́wọ́ tó sì gbẹ kíákíá, tó ń rùn bí ilé epo, ẹ má gbé e wọlé. Ẹ má rọ epo sí àtùpà tó ń jó. Ẹ má tì fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa sùn ti àtùpà, torí èéfín tí a kò rí ń pani lójú oorun.

Ní ti títàn rẹ̀: ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé orí òwú kó gún régé, kí ẹ gé igun méjèèjì díẹ̀ díẹ̀ kí iná má bàa yọ ìwo. Bí òwú bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kó mu epo fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó ṣá iná sí i. Ẹ tàn án kékeré, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ dúró kó gbóná, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ gbé e sókè. Kíkánjú gbé e sókè ló ń mú kí gíláàsì dúdú. Bàbá kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà kọjá lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wo àtùpà mi tó ń tu èéfín, ó ní, "Ọmọ mi, àtùpà lò ń tàn àbí ò ń yan ẹja?" Eérú àti ọṣẹ dúdú ló ń fọ gíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí omi òjò kán sí i nígbà tó gbóná, pàù ló máa fọ́.

Bí ìdí rẹ̀ bá ń jò, àwọn tó ń jó páànù lọ́jà á bá yín jó o. Ẹ da epo inú rẹ̀ nù, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra kí ẹ tó gbé e fún wọn, torí èéfín epo tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè bú gbàmù lójú iná.

Omi: akèrègbè, àmù, àti ìkòkò inú ìkòkò

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ ò ní wá akèrègbè kiri, ike á tó yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú èyí tó ti gbẹ dáadáa, tí èso inú rẹ̀ ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí a bá mì ín. Ẹ gé ẹnu rẹ̀, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ rà fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Á rùn, ẹ fara dà á. Ẹ dà á nù, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn sí i, kí ẹ mì ín títí ọwọ́ yóò fi ro yín. Ẹ ṣan án, ẹ tún rọ omi tuntun sí i, kí ẹ tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kejì. Bó bá ṣì korò, ẹ má mu ún: oró wà nínú kíkorò akèrègbè, ó ń run inú. Ẹ tún un ṣe títí kò fi ní korò mọ́. Ṣùkù àgbàdo tún wúlò níbí, òun ni ìdérí. Bí ara rẹ̀ bá sán, ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán, ẹ fi okùn rán an, ẹ fi oje igi tàbí ìda lẹ̀ ẹ́. Igbá tó fọ́ ló ń gba kasẹ létí. Ike tó bá sán, ààtàn ló ń lọ.

Akèrègbè kì í fọ omi mọ́ o. Omi odò gbọ́dọ̀ hó kó tó wọ inú rẹ̀.

Àmù ni fíríìjì abà. Omi inú rẹ̀ ń là á já díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́ lára, ooru inú rẹ̀ sì ń bá a lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀dà kun ún lára, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ẹni tó bá kun ún ti dí ihò tó ń mí. Ibi òjìji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kó wà.

Orí ọgbọ́n kan náà ni Mohammed Bah Abba dúró lé. Olùkọ́ ni, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, láti ìdílé amọ̀kòkò. Ní 1995 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkòkò inú ìkòkò fún àwọn ará abúlé tí kò ní iná, ó sì gba ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ aago Rolex lórí rẹ̀ ní 2000. Ìgbá tí a ń jẹ, tó ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 27. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fún ata àti tòmátì yín, ẹ ra ìkòkò amọ̀ méjì tí kò ní ọ̀dà lára, kí kékeré wọ inú ńlá, kí àlàfo ìka mẹ́ta wà láàárín wọn yíká. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ èyí ńlá títí ẹnu àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹ gbé kékeré sí i, ẹ fi iyanrìn dí àlàfo náà, ẹ wọ́n omi sí iyanrìn kó mu ún yó. Ẹ kó ata sí inú kékeré, ẹ fi àpò kòkó tí ẹ ti rẹ sínú omi bò ó lórí. Omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́.

Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni pé Jigawa gbẹ, ilẹ̀ wa kò gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ìkòkò mi ń ṣiṣẹ́ débi pé omi inú rẹ̀ ń ta eyín. Ní oṣù Keje, tí òjò ò dá, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún omi, ata kan náà bu nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sá ata yín lórí iná.

Aṣọ

"Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ," àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, torí aṣọ òwú híhun tó nípọn ni, kì í gbó bọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni mí, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Yèrèpè ò lè gba inú rẹ̀ débi awọ, èèmọ́ tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ lásán ló ń yọ ọ́. Ẹ̀wù eré ìdárayá tí mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ẹta iná ta sí i níbi tí a ti ń sun iṣu, ó yọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lápá. Òwú máa ń jó ni, kì í yọ́ mọ́ ara. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba kọ́, o: òwú tó bá tutù nínú òtútù á máa fa ooru ara yín lọ ni. Irun àgùntàn ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ sórí òkè níbẹ̀.

Ibi tí mo ti gbà fún ẹrù tuntun

Bàtà òjò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú kòkó bíi ti bàbá mi kò tíì tẹ paramọ́lẹ̀ rí. Fóònù náà ń bá mi lọ. Pípa ni mo ń pa á, mo fi ọ̀rá dì í, torí bí ejò bá ṣán èèyàn, ìpè kan láti orí àpáta yẹn ló máa gbé ọ̀kadà wá. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má sì so okùn mọ́ ọn; ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí ẹ gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù. Mo tún ń mú tọ́ọ̀ṣì kan, èyí tó ń lo bátìrì olókùúta méjì tí ìyá tó ń ta ọṣẹ ní abà ń tà. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn náà ló yege?

Kí ẹ tó lọ

Ẹ fi òru kan dán gbogbo rẹ̀ wò nílé. Ẹ pa iná, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀, ẹ fi fóònù sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ tan àtùpà nínú òkùnkùn láìfi ohun mìíràn ríran, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí ní abà. Ẹ mu omi inú akèrègbè. Láàárọ̀, ẹ ṣán koríko ẹ̀yìnkùlé fún wákàtí kan, ọwọ́ á sọ fún yín bóyá èèkù àdá ṣe wẹ́kú. Ohun tó bá kọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ẹ fi aṣọ àtijọ́ di ẹnu àdá kí ẹ tó gun ọ̀kadà. Kẹrosíìnì á wà nínú gálọ́ọ̀nù tó ní ìdérí líle, kò ní sí nínú àtùpà, torí ọ̀nà Ìdànrè á gbọ̀n ọ́n dà sórí gàrí yín, mo ti jẹ irú gàrí bẹ́ẹ̀ rí. Gíláàsì àtùpà, inú àwọn aṣọ ni kẹ́ ẹ fi sí. Fáìlì, wáyà, abẹ́rẹ́ ńlá, okùn àti ìṣáná tí ẹ ti fi ọ̀rá wé, ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì kan, kí ó wà lókè pátápátá níbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o.